Àwòrán Kàtídírà Wawel tí mo rà ní Kraków

Oṣù márùn-ún rèé tí àwòrán Kàtídírà Wawel yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ìlú Kraków ní Pólàńdì, ti wà lára ògiri pálọ̀ mi, kì í ṣe ayọ̀ ọjọ́ tí mo rà á ló ń gùn mí. Ẹ̀gbẹ́ Ẹnubodè Florian ni mo ti rà á, níbi tí àwọn ayàwòrán máa ń kó iṣẹ́ wọn kọ́ sára odi ìlú àtijọ́. Ọ̀dà elépo ni bàbá tó yà á lò. Ó pe 350 zloty, owó Pólàńdì, a dúnàádúrà títí, ó fi gbà 280.

Ohun tó bí mi nínú nígbà tí mo tú u nílé ni òrùlé rìbìtì méjì tó wà níwájú kàtídírà náà, bí igbá méjì tí wọ́n dojú wọn dé. Ọ̀kan ń kọ yànà bíi wúrà, èkejì ṣú. Mo ní ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ bàbá yìí, tó sì fi ojú mi gbolẹ̀. Ní Sátidé, mo gun òkè Wawel tí kàtídírà náà wà lọ. Àṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí! Èyí tí wúrà bò ni òrùlé ilé àdúrà kékeré ti Ọba Zygmunt, tí Bartolomeo Berrecci ará Ítálì kọ́ láàárín 1519 sí 1533. Ìdílé Vasa, ìdílé ọba mìíràn, ló ni èkejì. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un jọ ti àkọ́kọ́, àfi wúrà nìkan ni wọn ò fi sí i. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá nínú ọkàn mi.

Nígbà tí Pólàńdì ṣì ní ọba, láti 1320 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé wọn ládé níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin púpọ̀ nínú wọn sí. Nígbà tí Rọ́ṣíà, Prussia (ìjọba Jámánì àtijọ́ kan) àti Austria pín ilẹ̀ Pólàńdì mọ́wọ́, tí orílẹ̀-èdè náà kò sí lórí máàpù mọ́ láti 1795 títí di 1918, sàréè àwọn ọba yẹn kò kúrò níbẹ̀. Kódà ní 1890, wọ́n kó egungun akéwì wọn, Adam Mickiewicz, bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì sin ín sí Wawel.

Bàbá fi fèrèsé dúdú kan sára ilé gogoro Zygmunt. Agogo ńlá tí wọ́n rọ ní 1520 wà nínú ilé gogoro yẹn, ó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ, ènìyàn 12 ló ń fa okùn rẹ̀. Egungun ńlá tí wọ́n fi ṣéènì so sẹ́nu ọ̀nà kò sí nínú àwòrán. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá já lulẹ̀ ni ayé máa parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò hàn láti ibi tí bàbá jókòó sí, n ò lè bá a wí.

Màmá mi rí i lórí fóònù, wọ́n ní: "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì Póòpù wa nìyẹn?" Wọn ò jìnnà sí òótọ́. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni Karol Wojtyła ti ṣe Máàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1946, òun náà ló wá di John Paul Kejì tó dé Ìbàdàn ní 1982.

Ẹ̀sùn mi kò ju méjì lọ. Férémù rẹ̀ kò nípọn rárá, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ló dùn mí: ọ̀dà kò tíì gbẹ tí bàbá fi fi bébà wé e fún mi. Nígbà tí mo ṣí i, bébà ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀run, ó sì bó ìkùukùu kan lọ. Ẹ fi ìka kan igun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Ìkarùn-ún bá bébà lọ.