Lẹ́ńsì tí kò mọ òkèèrè: àyẹ̀wò Canon MP-E 65mm fún fọ́tò kòkòrò

Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì macro, ìyẹn lẹ́ńsì tí a fi ń ya ohun kéékèèké nítòsí, ló ń dúró sí ìlọ́po 1, ìyẹn ni pé bí kòkòrò ṣe tóbi tó gan-an ni àwòrán rẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó lójú sẹ́ńsọ̀, ibi tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Ibi tí àwọn yẹn parí sí ni Canon MP-E 65mm f/2.8, tó jáde ní ọdún 1999, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ń lọ títí dé ìlọ́po 5. Lójú sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ tó milimítà 36, ohun tí kò ju milimítà 7 lọ ni yóò kún fọ́tò láti etí kan dé èkejì; hóró ìrẹsì kan ti tó.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ mọ̀ pé kò lè ya nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá gbé e sójú láti fi wo igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, nǹkan kan kò ní hàn yàtọ̀ sí àwọ̀ tó ti pòpọ̀. Kò ní autofocus, ìyẹn ni pé kò lè fúnra rẹ̀ wá ibi tí àwòrán ti mú. Òrùka kan ṣoṣo ló wà fún yíyí lára rẹ̀, ìlọ́po nìkan ló sì ń yí padà. Ara ẹni la fi ń wá ibi tí àwòrán ti mú, tí a ó máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, tí a ó máa fà sẹ́yìn, tí a ó sì há èémí mọ́ra títí ojú kòkòrò yóò fi là kedere.

Ohun tí ó ń fi hàn wá tó ìyà yẹn. Mo ti fi lẹ́ńsì mìíràn ya eṣinṣin fún ìgbà pípẹ́, mo sì rò pé mo mọ ojú rẹ̀, àmọ́ ní ìlọ́po 3, ojú pupa yẹn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú kéékèèké onígun mẹ́fà tó tò jọ bí afárá. Ti oyin tún yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irun hù jáde láàárín ojú rẹ̀ gan-an, eruku òdòdó sì há sí ìdí irun náà.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló le jù. Bí ìlọ́po bá ṣe ń pọ̀ sí i ni lẹ́ńsì náà ń gùn jáde, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé sẹ́ńsọ̀ sì ń dín kù. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni ihò náà ṣe tóóró tó. Ní ìlọ́po 5, f/2.8 ti di nǹkan bí f/17, f/16 sì ti di f/96. Èmi náà jẹ̀bi níbí yìí. Mo fi odidi òwúrọ̀ kan ya èèrà ní f/16, kí gbogbo ara rẹ̀ lè mú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀kan tí irun ẹnu rẹ̀ hàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń tú ká. Bí a bá sì ṣí ihò náà sílẹ̀ dé f/2.8, ibi tí yóò mú kò ju nǹkan bí milimítà 0.05 lọ, èyí tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Nísinsìnyí, n kì í kọjá f/5.6 ní ìlọ́po 4 sókè. Bí mo bá fẹ́ odidi orí èèrà, mo máa ń ya fọ́tò 20 tàbí 30, kí n tó fi ètò kọ̀ǹpútà bíi Zerene Stacker tàbí Helicon Focus pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Àfi kí èèrà náà gbà láti dúró, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a jáde kí oòrùn tó ràn, nígbà tí òtútù ṣì dè é mọ́lẹ̀.

Àlàfo tó máa ń wà láàárín lẹ́ńsì àti kòkòrò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìlọ́po 1, àmọ́ kò ju 4 lọ ní ìlọ́po 5. Fíláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà kò lè tàn dé ibẹ̀, òjìji lẹ́ńsì ni yóò bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Fíláàṣì olórí méjì tí a ń so mọ́ ẹnu lẹ́ńsì ló dára jù, kí a sì fi ike funfun fẹ́lẹ́ bo iwájú rẹ̀, pàápàá fún àwọn kòkòrò tí ẹ̀yìn wọn ń dán. Bí owó yín kò bá tíì ká méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ ra fíláàṣì, kí ẹ máa fi lẹ́ńsì ìlọ́po 1 ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ yín yóò fi balẹ̀.