Krita àti Àwọ̀ Adúmáadán: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Yàwòrán fún Ìgbádùn

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí. Ọ̀fẹ́ ni Krita, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yàwòrán. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ oṣù kan tí wọ́n á wá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lójú, kò sì sí ìpolówó ọjà tó ń dí ni lọ́wọ́. Ẹ wà á jáde láti ìkànnì wọn, ẹ gbé e sórí Windows, Linux tàbí Mac, ó parí. Wọ́n ń tà á ní Steam àti Microsoft Store náà, ìyẹn àwọn ọjà ètò kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n irú kan náà ni, owó tí ẹ bá san níbẹ̀ ń ran àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ KDE, àwùjọ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ló bí i, àjọ Krita Foundation ní Netherlands ló sì ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Fún ẹni tó ń yàwòrán lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, tó sì mọ ohun tí dọ́là ti fojú náírà rí, kí owó oṣooṣù má sí rárá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ nìkan kọ́ ló mú mi dúró tì í. Àwọn ẹ̀dá ìtàn ni mo máa ń yà: jagunjagun, ìyálọ́jà, ọmọ ọdẹ, àwọn tí mo fúnra mi ro ìtàn wọn. Èèyàn dúdú ni gbogbo wọn, aṣọ tó níṣẹ́ lára ni wọ́n sì ń wọ̀. Awọ ara àti aṣọ yìí ni mo fi ń dán ohun èlò ìyàwòrán wò, ibẹ̀ gan-an ni Krita sì ti tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní ráàmù gíìgì 8 ni mò ń lò, pẹ̀lú táblẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán kékeré, irú èyí tí ọwọ́ máa ń wà lórí tábìlì tí ojú á máa wo kọ̀ǹpútà. Orí ìwé ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Màá fi fóònù yà á, màá gbé fọ́tò náà sí ìsàlẹ̀, màá wá fa ìlà tó mọ́ lé e lórí. Ohun tí wọ́n ń pè ní Stabilizer wúlò púpọ̀ níbí: ìlà á rọra máa tẹ̀ lé ọwọ́, gbígbọ̀n ọwọ́ kò sì ní hàn. Tí mo bá ń fa ìlà gígùn, bíi etí gèlè tàbí ẹ̀yìn agbádá, mo máa ń tan án. Tó bá kan ojú àti ìka, mo máa ń pa á, torí ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ tún máa tẹ M lóòrèkóòrè. Àwòrán á yí padà bí ẹni tó wà nínú dígí, kíá lẹ ó rí ojú kan tó ga ju ìkejì lọ.

Tí ìlà bá ti parí, Colorize Mask ló kàn. Ó ti wà nínú Krita láti ìgbà ẹ̀dà 4.0, lọ́dún 2018, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń lo Krita kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní máa kùn ún láti etí dé etí. Ẹ kàn máa fa ìlà àwọ̀ kan sí ojú, òmíràn sí fìlà, òmíràn sí bùbá, ẹ ní kó ṣiṣẹ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì tàn dé ibi tí ìlà dúró. Bí àlàfo bá wà nínú ìlà yín, ibì kan wà tí ẹ ti lè sọ fún un bí àlàfo náà ṣe tó, kó lè dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di léyà lásán (léyà ni ìpele àwòrán, bí ìwé tó mọ́ gaara tí a tò léra wọn), ẹ lo Split Layer, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sórí léyà tirẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ á parí kí oúnjẹ tó jinná.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ awọ ara. Ìmọ̀ràn tó kún íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí ẹ gbé léyà Multiply sókè, kí ẹ fi àwọ̀ eérú tàbí àlùkò ṣe òjìji. Lára aláwọ̀ funfun, ó máa ń dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Multiply mọ̀ ni kó mú nǹkan ṣú sí i. Tí ẹ bá gbé e lé awọ tó ti dúdú tẹ́lẹ̀, pupa inú awọ náà á kú, èèyàn á sì rí bí èédú. Adúmáadán kì í ṣe èédú rárá! Mo máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ pọ́n díẹ̀, màá wá fúnra mi yan àwọ̀ òjìji: pupa tó ṣú, tó ń fà sí àlùkò. Orí léyà Normal, èyí tí kì í yí àwọ̀ padà, ni mo ti ń kùn ún.

Iṣẹ́ gidi wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lára: iwájú orí, orí imú, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká. Lára èèyàn dúdú, àwọn ibi wọ̀nyí máa ń yọ gan-an, nítorí ohun tó yí wọn ká ṣú. Bó bá jẹ́ ìta gbangba lẹni náà wà, ojú ọ̀run á hàn lára rẹ̀, nítorí náà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń fi síbẹ̀, lórí léyà Screen, èyí tó ń mú nǹkan mọ́lẹ̀ sí i. Bó bá dúró lórí ilẹ̀ pupa, abẹ́ àgbọ̀n á gba àwọ̀ ọsàn díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Burọ́ọ̀ṣì Color Smudge ni mo fi ń pò wọ́n pọ̀. Ó ń fa àwọ̀ kan wọnú èkejì, ó sì ń fi ipa ọwọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ipa ọwọ́ yẹn gan-an.

Fún aṣọ, ẹ tẹ W. Àwòrán yín á máa tún ara rẹ̀ ṣe lápá òsì, lápá ọ̀tún, lókè, nísàlẹ̀, ohun tí ẹ bá fà jáde lápá kan á gba apá kejì wọlé. Báyìí ni mo ṣe ya àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tó ní òpó Màpó àti ṣíbí nínú, tí ojú kò sì rí ibi tí mo ti so ó pọ̀. Ẹ má kàn tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ìró o. Ẹ mú Transform, ẹ yan Warp tàbí Mesh, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi tí aṣọ ti ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ kò ní tẹ̀ lé ara.

Ohun kan máa ń dààmú ẹni tó ń bọ̀ láti ibòmíràn: kí òjìji má bàa kọjá etí aṣọ, àmì α tó wà lára léyà lẹ máa tẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ léyà ló ti gbọ́dọ̀ wà. Láìsí ẹgbẹ́, ilẹ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ gan-an ni á tẹ̀ lé, òjìji á sì tàn ká gbogbo ibi. Ctrl+Shift+G á ṣètò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Krita ń jẹ ráàmù. Ojú ìwé A4 ní 300 dpi (iye píkísẹ́lì nínú íǹṣì kan) jẹ́ píkísẹ́lì 2480 lọ́nà 3508, léyà kan tó kún á sì gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 35. Ẹ so àwọn léyà tó ti parí pọ̀. Krita ti Android ṣì wà ní ipò àdánwò, fún táblẹ́ẹ̀tì ńlá ni, kì í ṣe fún fóònù. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, kó wá nǹkan mìíràn.

Fáìlì .kra, ti Krita fúnra rẹ̀, ni kí ẹ máa tọ́jú, PNG ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ tẹ Ctrl+Y kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: Krita á fi bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí ìwé hàn yín. Àwọ̀ ewé tútù àti búlúù tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣá púpọ̀ níbẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn kí n yan àwọ̀ mìíràn nígbà náà ju kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé.