Ibùdó tí a ti gba ajá àgbà: wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ fún wa ká tó mú un lọ

Ẹni tó bá ń wá ajá tó máa gbà sílé, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí ò lólówó mọ́ yìí ni màá ní kó lọ o, kó sì ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti dàgbà kó tó wo ọmọ ajá kankan. Mo mọ̀ pé ọmọ ajá ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, wọ́n rẹwà, wọ́n ń sáré síbí sáré sọ́hùn-ún, kéèyàn tó ṣẹ́jú wọ́n ti kó sí i lọ́kàn. Ìyẹn ló fà á tí àwọn àgbà fi máa ń pẹ́ níbẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ò sì ṣe nǹkankan o, olówó wọn ló kú, tàbí ó kó lọ sílé tí wọn ò ti gba ajá, tàbí wọ́n bímọ tuntun wọ́n ní àwọn ò ráyè ajá mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni pé wọn ò bo nǹkankan. Kí ọmọbìnrin tó mú wa wọlé tó ṣí kéèjì ló ti sọ fún wa pé ajá tí à ń wò yẹn ti tó ọdún 9, eyín ẹ̀ méjì ti kúrò, oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń dùn ún láàárọ̀ kí ara ẹ̀ tó nà, tí ààrá bá sì ń sán, kò ní gbádùn rárá. Ó gbé fáìlì ẹ̀ síwájú wa. Ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà níbẹ̀, ti parvo àti distemper, àrùn méjì tó lè pa ajá, náà wà níbẹ̀, èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi wo kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀, àti ti aràn inú ọkàn tí ẹ̀fọn máa ń kó ran ajá. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n sì ti fi microchip, nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń dá ajá mọ̀ tó bá sọnù, sí i lábẹ́ awọ.

Mo wá bi í léèrè ojú ẹ̀, torí mo rí i pé àárín ẹyinjú ti ń ṣe bàìbàì bíi èéfín, mo rò pé ojú ti ń fọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wò ó dáadáa, pé lẹ́ńsì ojú ajá máa ń le sí i bó bá ṣe ń dàgbà, ìyẹn yàtọ̀ sí cataract, àrùn tó lè fọ́ ojú, ó ṣì ń ríran. Kò sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ó yí bọ́ọ̀lù kékeré kan kọjá níwájú ajá náà láìpariwo, ojú ẹ̀ sì tẹ̀ lé e títí bọ́ọ̀lù fi kan ògiri. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ẹ wò ó, ọmọ ajá, ẹ ò mọ bó ṣe máa tóbi tó, ẹ ò mọ ìwà tó máa hù, ẹ máa kọ́ ọ níbi tó máa tọ̀ sí, ẹ máa dìde lóru, ó máa jẹ bàtà ó máa jẹ ẹsẹ̀ àga torí eyín ń yọ. Ajá àgbà, bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn náà ló rí. Láti nǹkan bí ọdún 7 làwọn dókítà ẹranko ti ń pe ajá ní àgbà, àwọn tó tóbi gan-an máa ń tètè gbó, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké ń lò ju ọdún 14 lọ dáadáa, torí náà ẹni tó ń sọ pé ajá ọdún 8 ti parí, kò mọ nǹkan tó ń sọ.

Fọ́ọ̀mù wọn gùn. Wọ́n máa béèrè bóyá onílé gbà, bóyá ọmọdé wà nílé, wákàtí mélòó ni ajá máa fi dá wà lójúmọ́. Àwọn kan máa ń bínú sí i, èmi ò rí nǹkan burúkú ńbẹ̀, torí ajá tí wọ́n mú lọ tí wọ́n tún dá padà, ìyà ńlá ni. Wọ́n ní ká mú ajá tó wà nílé wa tẹ́lẹ̀ wá, ìta gbangba ni wọ́n ti jẹ́ káwọn méjèèjì pàdé, wọ́n kọ́kọ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí okùn kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ara wọn.

Wọ́n tún ṣàlàyé pé fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ẹ̀rù ló máa ń ba ajá, ó lè má jẹun, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí ilé ṣe ń lọ, ó sì lè tó oṣù 3 kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Gbogbo ajá kọ́ ló máa bá a mu o, àmọ́ ó ràn wá lọ́wọ́, torí tiwa kì í jẹun lójú èèyàn. Ó máa ń fi imú ti abọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn àga, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. A ò bá a wí, a ò gbé abọ́ padà. Nígbà tó yá ló dá abọ́ náà dúró sí àárín yàrá, ó jẹun, ó sì sùn síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n kù sí rèé. Oògùn oríkèé tí wọ́n fún wa, inú ọ̀rá ni wọ́n kó o sí láìkọ nǹkankan sí i lára, dókítà ẹranko ló padà bá wa kọ iye tá a máa fún un. Ìyẹn léwu gan-an, torí ẹlòmíì lè ní ṣebí oògùn ara ríro ni, kó lọ fún un ní ibuprofen tí èèyàn ń lò, ìyẹn lè dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Mo sọ fún wọn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní àwọn á máa kọ ọ́. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀, wọn kì í gbé e.

Owó tí wọ́n ń gbà lórí ajá àgbà kéré sí ti ọmọ ajá, ẹ má tìtorí ẹ̀ rò pé ìnáwó ti tán. Ó yẹ kí dókítà máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, eyín fífọ̀ máa ń gba kí wọ́n fi oògùn mú un sùn, oúnjẹ ẹ̀ sì lè yí padà tí kíndìnrín bá ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ò bá lè gbé e, kó sọ ọ́ fún wọn tààrà, wọ́n máa ń fún èèyàn ní ajá tọ́jú fúngbà díẹ̀ láìgbà á pátápátá.

4 nínú 5 ni màá fún wọn, ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ló jẹ 1 tó kù. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú àwọn ajá jáde, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rìn fúnra yín, torí èyí tó ń gbó gan-an nínú kéèjì lè jẹ́ òun ló máa rọra rìn jù tó bá dé ìta.