Ìkòkò amọ̀ tí ínsúlínì ọmọ mi ń gbé: oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí mo rà á

Ìkòkò amọ̀ méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ńlá kan àti kékeré kan tó ń wọ inú ńlá, pẹ̀lú ìdérí. Dada ní Ìlọrin ni mo ti rà wọ́n, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n. ₦7,500 ni mo san. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń lò wọ́n; ọyẹ́ méjì àti òjò ọdún kan gbáko ti bá wọn nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì (oògùn àtọ̀gbẹ) nínú ilé tí iná kì í dúró ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí àyà ṣe máa ń já nígbà tí fìríìjì bá dákẹ́ tí igò oògùn ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Àjọkẹ́ ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́fà. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí àtọ̀gbẹ irú kìíní bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Òǹgbẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ ẹ́. Ọmọ tó ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní tún wá ń tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń rù. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, àwọn ló rí i pé èèrà ń bo ibi tí ọmọ tọ̀ sí ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìtọ̀ ṣúgà rèé o." Mo ní, "Màmá, àwọn àgbàlagbà ló ń ní ìyẹn." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárín òru. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí pé Màmá ti sọ ọ́ fún mi, omi máa ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, Màmá fẹ́ se àgbo. N kò bá wọn jiyàn. Dókítà ló jókòó tì wọ́n, tó sọ ìtàn Leonard Thompson fún wọn, ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní Toronto tí wọ́n kọ́kọ́ gún ní ínsúlínì ní January 1922. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ yìí bá mú kì í pẹ́ láyé, nítorí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlínì mọ́, kò sì sí ohun mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú rẹ̀ bí oúnjẹ." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ oògùn yẹn bíi tiwọn.

Ibi ìtọ́jú yìí gan-an ni wàhálà wà. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí, inú fìríìjì ló yẹ kó wà, láàárín dígíríì 2 sí 8. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ibẹ̀ kò bá ti gbóná ju 25 tàbí 30 lọ. Ìwé inú páálí rẹ̀ ló máa sọ èwo. Ṣùgbọ́n ní oṣù March, yàrá wa máa ń gbóná dé 35 lọ́sàn-án. Iná a dé lóru, a lọ láàárọ̀. Bàbá Àjọkẹ́ ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì méjì nítorí igò kan ṣoṣo, títí owó epo fi kọjá owó oúnjẹ wa.

A gbé igò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tó ń ta omi tútù. Ó fi tọkàntọkàn gbà á, ó sì gbé e sínú fírísà, ó dì gbagidi. Èmi ni mi ò ṣàlàyé fún un. A jẹ́ kó yọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà rárá, a sì fi gún ọmọ. Ọjọ́ kẹta, mítà tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ka 380, 410, ó ti ga jù, Àjọkẹ́ sì tún ń mu omi bíi ti ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí mo fi ojú ara mi kọ́ nìyẹn: ínsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́, ì báà yọ́ padà. Lẹ́yìn èyí a lo fúláàsì oníyìnyín. Yìnyín a yọ́, igò a máa léfòó nínú omi, bébà ara rẹ̀ a ṣí kúrò, a ò wá mọ èyí tí a ṣí lọ́jọ́ wo.

Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníìkì ló bi mí pé, "Ìyá Àjọkẹ́, ṣé kò sí àmù nílé yín ni?" Mo rò pé omi mímu ló ń sọ. Ó wá ṣàlàyé. Ẹ kó yanrìn sí àárín ìkòkò ńlá àti kékeré, ẹ bu omi sí yanrìn náà. Omi yóò máa jáde lára amọ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ ẹ gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru inú ìkòkò lọ. Ohun tó ń mú kí omi àmù tutù nílé àwọn ìyá wa náà ni. Olùkọ́ kan láti òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, tí wọ́n bí sí ìdílé amọ̀kòkò, ló sọ ìkòkò-nínú-ìkòkò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó pín in fún àwọn àgbẹ̀ ní Jigawa kí tòmátì àti ẹ̀fọ́ wọn má bàa tètè rà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ilé iṣẹ́ Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí díẹ̀ ló kù kí n ra èyí tí kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá ní Dada máa ń da omi èèpo igbá (igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú) lé ìkòkò lórí bó bá ṣe ń jáde nínú iná. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó dán, tí kì í jẹ́ kó jò. Ìkòkò ọbẹ̀ ló dára fún. Ó ń dí ihò ara amọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni tèmi, kó máa làágùn ni mo fẹ́. Ìyá àgbà náà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

"Oògùn ọmọ ni mo fẹ́ máa gbé sínú rẹ̀, Ìyá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni."

Wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé méjì jáde tí wọn ò tíì fi omi èèpo igbá kàn, wọ́n fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń dún bóyá ó sán. Wọ́n ní, "Àmù lo fẹ́. Bó o bá tún wá, àmù ni kó o sọ pé o fẹ́." Wọ́n dín ₦1,000 kúrò nínú owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè, èmi ò sì tíì ná an rárá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn kì í dé, lórí irin onígun mẹ́ta kí ìdí rẹ̀ lè rí atẹ́gùn. Mo fọ yanrìn kí n tó dà á sí i. Ínsúlínì wà nínú ike kékeré tó ní ìdérí tó le, kó má bàa rin, tẹmómítà kékeré kan sì wà nínú ike náà. Aṣọ rírin la fi ń bo ìdérí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ là ń bomi sí yanrìn, ó sì ń mu bíi lítà mẹ́ta lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí tẹmómítà sọ fún mi rèé. Nígbà ọyẹ́, tí yàrá wà ní 32 lọ́sàn-án, inú ìkòkò wà ní 23. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á gbọ́. Mo yọ tẹmómítà jáde, mo tún fi í sí i, 23 náà ló ń ka. Ní March tí yàrá dé 35, inú ìkòkò wà ní 27, ìyẹn ni ìgbà tó burú jù nínú ọdún. Ní July, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, yàrá wà ní 28, ìkòkò wà ní 27, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kò sì ṣe nǹkan kan lóòótọ́: ọ̀rinrin ti kún atẹ́gùn, omi ara amọ̀ kò rí ibi gbẹ sí. Ohun tó gba wá nígbà náà ni pé yàrá fúnra rẹ̀ kò gbóná. Ẹ̀ẹ̀kan tí ètò òkú kan gbà wá lọ́kàn, tí a gbàgbé láti bomi sí i fún ọjọ́ méjì, 31 la bá. Mo da igò yẹn nù. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo dà á nù. Nítorí náà, ẹ má ra ìkòkò láìra tẹmómítà.

Ẹ má sì ṣe ohun tí ìkòkò kò lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe fìríìjì. Kò lè dé 8 láé. Èyí tí a ti ṣí nìkan la ń fi sínú rẹ̀. Àwọn tó kù wà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kan ládùúgbò wa tí fìríìjì rẹ̀ ń lo iná oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń gbà wọ́n. Kò sì lè sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di oṣù mẹ́ta. Àwa òbí ọmọdé mọ bí èyí ṣe ń dunni tó. Igò ńlá kan jẹ́ mílílítà 10, yúnìtì 1,000 ló wà nínú rẹ̀. Yúnìtì 12 ni Àjọkẹ́ ń gbà lójúmọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, 336 péré ló ti lò. 664 là ń dànù, pẹ̀lú owó tí a fi rà á. Ní báyìí, kéékèèké onímílílítà 3 tí wọ́n ṣe fún bírò ínsúlínì (abẹ́rẹ́ tó dà bí bírò) là ń rà nígbàkigbà tí a bá rí i. Yúnìtì 300 ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ 25 ló ń bá wa lò, a kì í da ẹ̀kán kan nù. Ẹ bi dókítà yín bóyá ọmọ yín lè lò ó. Mo ń kọ déètì ọjọ́ tí mo ṣí i sórí pílásítà, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí n kò retí. Ínsúlínì tó bá tutù nini máa ń ta ọmọ lára. Nígbà tí a ń ti inú fìríìjì yọ ọ́, Àjọkẹ́ máa ń sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bó bá ti gbọ́ ìró ìdérí. Ti inú ìkòkò kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, yóò na ìka fún mi, màá wo ṣúgà rẹ̀, yóò gba ínsúlínì funfun náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò máa yí i jẹ́jẹ́ títí yóò fi pò pọ̀ (ẹ má mì í jìgìjìgì o), yóò sì sọ itan tó kàn fún mi, ọ̀tún tàbí òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kó tó lọ síléèwé.

Ṣùgbọ́n èrè tó tóbi jù lójú mi ni pé mo tún lè gba nọ́ńbà gbọ́. Ẹni tí kò tọ́ irú ọmọ yìí lè má mọ ohun tí mò ń wí. Bí mítà bá ka 290 ní alẹ́, ṣé gàrí tó jẹ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni? Ṣé ibà ń bọ̀ ni? Àbí igò ló ti gbóná? Bí igò bá wà lára ohun tí à ń fura sí, gbogbo ìṣirò a dàrú: ẹ lè fi kún ínsúlínì lónìí nítorí èyí tó ti kú, kí ẹ ṣí tuntun lọ́la, kí iye kan náà sì wá fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀ jù. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ní agogo méjì òru: 58, òógùn bò ó, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ṣúgà oníhóró méjì tí a pò mọ́ omi la fún un, a dúró fún ìṣẹ́jú 15, a tún wò ó: 84. Mi ò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà tí ìkòkò ti dé, bí nọ́ńbà bá ṣe ségesège, oúnjẹ, eré tàbí àìsàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọkàn mi kì í lọ sórí igò mọ́.

Àléébù rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ó wúwo, kò ṣeé gbé rìn. Inú àpò ìwé Àjọkẹ́, ike ṣúgà nìkan ló wà, kò sí ínsúlínì. Èéhù funfun máa ń wà lára ìkòkò, ẹ ní láti máa fọ̀ ọ́. Ìkòkò kékeré àkọ́kọ́ sán ní oṣù karùn-ún, mo padà lọ ra òmíràn ní ₦3,000. Bí omi bá sì wọ́n ládùúgbò yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lítà mẹ́ta lójúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó ń gbé Èkó létí ọ̀sà, níbi tí atẹ́gùn ti ń rin ní gbogbo ọdún, kò ní rí nínú rẹ̀ ohun tí mo rí. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn, Ṣakí tàbí Ìlọrin, kó lọ rà á.

Àjọkẹ́ ló ń bomi sí i láàárọ̀ báyìí, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù pupa rẹ̀, yóò sì ka tẹmómítà fún mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Màámi, mẹ́rìnlélógún!" Ní December tó kọjá a ra méjì mìíràn, a gbé wọn lọ sí abúlé, sílé Màmá. Màmá ti wa yanrìn odò sílẹ̀ kí a tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ sùn lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, kò tíì sùn síbòmíràn rí kó tó di ìgbà yẹn.