Fèrèsé Ẹ̀yáwó Federal Reserve: Iṣẹ́ tó dáa, àmọ́ ta ni wọ́n ṣí i fún?

Fèrèsé ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń dúró níwájú fèrèsé kankan mọ́. Nígbà tí báńkì méjèèjìlá tó para pọ̀ jẹ́ Federal Reserve, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1914, fèrèsé gidi ni. Òṣìṣẹ́ báńkì tó nílò owó á kó ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ dání, á nà án sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kàǹtà, á sì gbowó. Lónìí, wọ́n lè fi tẹlifóònù béèrè, owó á sì wọ àkáǹtì báńkì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Iṣẹ́ ọ̀hún ò yí padà: kí báńkì tó ní dúkìá, àmọ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, rí owó yá, kó má bàa wó nítorí ìpayà ọjọ́ kan.

Ìjà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń jà lórí báńkì àpapọ̀ láti ọdún 1791, ibi fèrèsé yìí ló já sí. Ta ni kí wọ́n ṣí i fún? Ṣé oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àbí ìjọba tó fẹ́ náwó ju owó orí tó ń gbà lọ? Lójú tiwa, iṣẹ́ náà dáa nígbàkigbà tó bá wà fún báńkì tó ní ohun ìdógò gidi. Tó bá ti di àpò kejì ìjọba, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Báńkì àpapọ̀ méjì ti kú ṣáájú Federal Reserve. Báńkì àpapọ̀ àkọ́kọ́, tí Alexander Hamilton, mínísítà ètò ìnáwó, jà fún, tí Thomas Jefferson, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, sì tako, ní mílíọ̀nù 10 dọ́là lówó ìdásílẹ̀, ìjọba ló sì ni ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Àṣẹ ogún ọdún ni wọ́n fún un. Nígbà tó pé ní 1811, ìbò kan ṣoṣo ló pa á nílé aṣojú-ṣòfin, 65 sí 64. Nílé aṣòfin àgbà, ó di 17 sí 17, igbákejì ààrẹ George Clinton ló fi ìbò tirẹ̀ ṣe é pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ogun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ogun sì di ohun tí ìjọba ń wá kiri. Ni wọ́n bá tún dá òmíràn sílẹ̀ ní 1816, mílíọ̀nù 35 dọ́là lọ́tẹ̀ yìí.

Ìkejì yìí ni Ààrẹ Andrew Jackson dojú kọ. Lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1832, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí àṣẹ tuntun rẹ̀, nígbà tó sì di 1833 kò jẹ́ kí owó ìjọba wọbẹ̀ mọ́. Nicholas Biddle, ọ̀gá báńkì náà ní Philadelphia, bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbèsè padà, ó dín ẹ̀yáwó kù, títí ọwọ́ àwọn oníṣòwò fi gbẹ láti ìparí 1833 wọ inú 1834. Ó fẹ́ kí ìnira yẹn fi agbára mú Jackson, àmọ́ ohun tí Jackson ti ń pariwo látilẹ̀ ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo lè ti fèrèsé mọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè lójú. Báńkì náà kò rí àṣẹ tuntun gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà tí tirẹ̀ parí ní 1836.

Ó lé ní ọdún 70 tí wọn ò fi ní báńkì àpapọ̀, a sì lè sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Lẹ́yìn òfin báńkì ti 1863, bọ́ǹdù ìjọba (ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà) tí báńkì rà ló ń pinnu iye owó ìwé tó lè tẹ̀ jáde. Bọ́ǹdù ò mọ ìgbà ìkórè. Bí àgbẹ̀ bá ń kórè, owó tí wọ́n nílò á pọ̀ sí i, báńkì ìgbèríko á lọ fa owó tó fi pamọ́ sí New York yọ, èlé á fò sókè níbẹ̀, ẹ̀rù á sì wọ̀lú. Bó ṣe rí nìyí ní 1907. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹwàá, Knickerbocker Trust, iléeṣẹ́ ìfowópamọ́ kan ní New York, san nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là láàárín wákàtí díẹ̀ fún àwọn tó tò síwájú rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn. Kò sí fèrèsé tó lè sáré lọ. Ìjọba fi mílíọ̀nù 25 dọ́là sínú àwọn báńkì New York, J. P. Morgan, gbajúmọ̀ onílé báńkì, bàbá ẹni ọdún 70, sì pe àwọn onílé báńkì jọ sí ibi ìkówèésí rẹ̀ kí wọ́n lè dáwó jọ. Orílẹ̀-èdè ńlá, ọwọ́ arúgbó kan ló gbé ọrùn sí.

Òfin tí Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ló bí fèrèsé tí a ń yẹ̀ wò yìí. Ó fi hàn pé wọn ò gbàgbé Biddle: ibi méjìlá ni wọ́n pín in sí, kí ẹnì kan má bàa dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ dì mú. Ohun tí wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ ní ààlà: ìwé gbèsè oníṣòwò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ, tàbí ti àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i. Oníṣòwò òwú jẹ báńkì rẹ̀ ní 1,000 dọ́là tó máa san ní 90 ọjọ́. Báńkì gbé ìwé náà lọ sí fèrèsé. Tí èlé bá jẹ́ 4% lọ́dún, wọ́n á yọ 10 dọ́là ṣáájú, wọ́n á fún un ní 990. Tí òwú bá tà, gbèsè á parí, owó tó jáde á sì padà sílé. Owó ń tẹ̀ lé ọjà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ wa gan-an, torí gbèsè yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé ọjọ́ ikú ara rẹ̀ dání.

Ọgbọ́n yẹn kò pẹ́ tó fi ní ihò. Ní 1916, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbà kí báńkì fi bọ́ǹdù ìjọba dógò fún ẹ̀yáwó ọjọ́ 15. Ogun dé ní 1917, gbèsè ìjọba sì kúrò ní bílíọ̀nù kan dọ́là ó lé díẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù 25 ní 1919. Kí bọ́ǹdù ogun lè tà, wọ́n dín èlé kù fún báńkì tó bá fi í dógò. Ìwé oníṣòwò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣí fèrèsé wá di ẹlẹ́yìn. Láàárín 1914 sí 1920, ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ní ìlọ́po méjì, ìgbà tí wọ́n sì wá gbé èlé dé 7% ní New York ní 1920, orí àgbẹ̀ ni ìyà náà já lé. Wọ́n tún dá irú àṣìṣe yẹn lọ́nà tó le jù láti 1942: Federal Reserve ń fi dandan di èlé bọ́ǹdù ìjọba ọlọ́jọ́ gígùn mú sí 2.5%, ìyẹn sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé àdéhùn tí òun àti iléeṣẹ́ ìṣúra ìjọba ṣe lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1951, tó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ dandan yẹn. Àdéhùn yẹn lohun tó dára jù lọ tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé kí fèrèsé ṣáà ti wà ti tó. Ìpínlẹ̀ Mississippi fi hàn pé kò tó. Wọ́n pín ìpínlẹ̀ yẹn sí méjì: ìhà àríwá wà lábẹ́ báńkì Federal Reserve ti St. Louis, ìhà gúúsù wà lábẹ́ ti Atlanta. Nígbà tí Caldwell and Company, iléeṣẹ́ ìnáwó ńlá kan, wó ní Nashville ní oṣù Kọkànlá ọdún 1930 tí ìpayà sì gbòde, Atlanta tètè ń yá owó jáde, St. Louis di ọwọ́ mú, ó gbà pé kò yẹ kí ẹ̀yáwó pọ̀ nígbà tí ọjà ò bá tà. Òfin kan náà, ìpínlẹ̀ kan náà, àmọ́ báńkì tó kú pọ̀ jù ní ìhà St. Louis. Nǹkan bíi 9,000 báńkì ló kú ní gbogbo Amẹ́ríkà láti 1930 dé 1933. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí fèrèsé, torí wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Federal Reserve. Ó di 1980 kí òfin tó ṣí i fún gbogbo báńkì tó ń gba irú owó ìfipamọ́ tí òfin ní kí wọ́n ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí: àwọn alákòóso báńkì á kọ́kọ́ ṣèpinnu pé àwọn fún àwọn kan láṣẹ láti yáwó, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ohun ìdógò kalẹ̀. Bọ́ǹdù ìjọba ò ní wàhálà. Ìwé ẹ̀yáwó ilé tàbí ti iléeṣẹ́ ló ń gba àkókò, torí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í yáni ní iye tí nǹkan náà tó lọ́jà. Wọ́n á bu díẹ̀ kúrò lára bọ́ǹdù ọlọ́jọ́ kúkúrú, wọ́n á bu púpọ̀ kúrò lára èyí tó ṣòro tà. Látìgbà náà, ìpè kan ti tó. Ẹ lè yá a di ọjọ́ kejì tàbí títí dé 90 ọjọ́, ẹ sì lè san án kí ọjọ́ tó pé. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020, èlé rẹ̀ ò ju òkè pátápátá ibi tí Federal Reserve fẹ́ kí èlé ojú ọjà wà. Báńkì tí ara rẹ̀ ò dá ṣáṣá á fi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún un.

Iye rẹ̀ kò wọ́n, ó sì yá. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sá fún un? Ìtìjú ni. Ṣáájú 2003, èlé fèrèsé sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ti ojú ọjà, nítorí náà wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá bóyá ó ti gbìyànjú níbòmíràn. Wọ́n gbé èlé náà sókè ní 2003, wọ́n sì jáwọ́ nínú ìbéèrè, àmọ́ ojú ò yéé tì wọ́n. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, báńkì ńlá mẹ́rin yá mílíọ̀nù 500 dọ́là níkọ̀ọ̀kan kí àwọn yòókù lè rí i pé kò sí àbùkù níbẹ̀. Kò ràn. Ohun tó ràn ni gbàǹjo ẹ̀yáwó tí Federal Reserve bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn: gbogbo wọn jọ wá ni, kò sẹ́ni tó dá nìkan sáré wá, owó sì ń dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà kò jọ owó ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn. Láti 2010, òfin ní kí wọ́n kéde orúkọ ẹni tó yáwó lẹ́yìn ọdún méjì. A fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá kún ìtìjú náà. Owó gbogbo ìlú ni.

Silicon Valley Bank, báńkì kan ní California tó wó, fi hàn bí àìmúrasílẹ̀ ṣe ń pani. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn oníbàárà fa bílíọ̀nù 42 dọ́là yọ, nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 sì tún wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì. Bọ́ǹdù rẹpẹtẹ ló ní. Ṣùgbọ́n ohun tó ti kó sí fèrèsé kéré, kò sì dán ẹ̀yáwó wò rárá ní gbogbo ọdún 2022. Kò ṣeé ṣe láti gbé ìyókù débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn, ẹ̀yáwó àwọn báńkì tó ṣẹ́kù ti fò kọjá bílíọ̀nù 150 dọ́là.

Ohun tó bí wa nínú ni ètò ẹ̀yáwó tuntun tí Federal Reserve gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta náà. Iye tí wọ́n kọ sára bọ́ǹdù ni wọ́n fi ń yáni, kì í ṣe iye tó ń tà lọ́jà, wọn ò sì bu ohunkóhun kúrò. Àrùn 1917 ló tún yọjú: gbèsè ìjọba rí ojúure tí ìwé gbèsè oníṣòwò ò rí. Ètò náà dáwọ́ ẹ̀yáwó tuntun dúró lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Fún báńkì kékeré tó fẹ́ lò ó: ẹ parí ìwé àdéhùn nísinsìnyí, ẹ kó àwọn ìwé ẹ̀yáwó yín síbẹ̀ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tó ní àṣẹ láti pè ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yá 1,000 dọ́là lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ẹ sì dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.