Ilé oúnjẹ etíkun kan ní Barbados: ẹja dùn, àmọ́ ẹ ka bíìlì yín délẹ̀

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ẹ̀rọ káàdì wọn ló jẹ ìkan tó kù.

St. Lawrence Gap ni wọ́n wà, ní gúúsù Barbados, òkun ò ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí tábìlì. Láti London lèmi àti bàbá àwọn ọmọ ti wá sinmi. Cou-cou àti ẹja tó ń fò la jẹ. Ẹni tó bá mọ ọkà jẹ kò ní bẹ̀rù cou-cou: ìyẹ̀fun àgbàdo ni, omi ilá ni wọ́n fi ń rò ó, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi ń rò ó, ọmọ ìyá ọmọrogùn ni. Ó gbóná fẹlifẹli, ó ń yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun. Ọkọ mi ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá. Ara ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa yá mọ́ni; ó ń pe ọkọ mi ní “darling”, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí n tó gbọ́ pé bó ṣe ń pe gbogbo ayé nìyẹn.

Wàyí o, bíìlì. Dọ́là Barbados 160 loúnjẹ wa. (Méjì tiwọn ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, bó ṣe wà láti 1975 nìyẹn, ìṣirò rẹ̀ ò le.) Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, wọ́n ti fi dọ́là 16 kún un, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, fún àwọn òṣìṣẹ́. Èyí kì í ṣe jìbìtì o, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ erékùṣù yẹn ń ṣe. Ohun tó bí mi nínú ni ẹ̀rọ káàdì tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn náà, tó ń béèrè bóyá ká fi tíìpù 15, 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, bí ẹni pé a ò tíì san nǹkan kan. Bọ́tìnnì “rárá” sì rèé, kóńkó, ní kọ̀rọ̀.

Mo rọra bi ọmọbìnrin náà bóyá dọ́là 16 yẹn ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ó ń dé, àmọ́ tàwọn ará kíṣìnnì wà níbẹ̀, ó sì dòpin oṣù. Mo tẹ “rárá”, mo fi dọ́là Barbados mẹ́wàá sí i lọ́wọ́ tààrà.

Owó bébà ni kí ẹ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Kọ́ìnsì páùn tó ń ro wọroworo nínú báàgì àwa ará London, báńkì ibẹ̀ kì í bá wọn ṣẹ́ ẹ. Dọ́là Amẹ́ríkà dáa, tiwọn ló dáa jù. Ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa fi tirẹ̀ sílẹ̀, torí ẹlòmíì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.

Lálẹ́ Jímọ̀, ní Oistins tí wọ́n ti ń yan ẹja ní gbangba, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò sórí ìlà. Mo fi ṣéńjì sílẹ̀ fún ìyá tó yan marlin wa, ó parí. Nínú bọ́ọ̀sì kékeré aládàáni tí wọ́n ń pè ní ZR, dọ́là Barbados 3.50, kò sẹ́ni tó ń fún kọ̀ndọ́ ní nǹkan lórí ẹ̀. Takisí ò ní mítà, ẹ fẹnu kò lórí iye kí ẹ tó wọlé.

Ilé oúnjẹ yìí, màá padà lọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní tábìlì ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn orí òkè ti gbé nápíkìn ọkọ mi lọ sínú òkun.