Zeer, qulla tàbí àpò awọ ewúrẹ́: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń mú kí omi mímu tutù láìlo iná mànàmáná: omi ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ sí ara wọn, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń fà á gbẹ, gbígbẹ yẹn sì ń kó ooru lọ. Èyí tí ara rẹ̀ kì í rin, ẹ má rà á.

Ẹni tó fìdí kalẹ̀ sójú kan, zeer ni kó rà. Àmù ńlá táwọn ará Sùdáàn ń gbé sábẹ́ igi ni. Wọ́n ń gbé e sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú, kí ẹni tó ń kọjá lè mumi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwà yẹn wú mi lórí púpọ̀. Lọ́jà, ẹ kán omi sí i lára. Bí amọ̀ bá fà á mu, ó dáa. Bó bá ń yọ̀ lọ bí omi orí ewé kókò, wọ́n ti fi nǹkan dídán kùn ún nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ fi ìka gbá a: èyí tó ti sán, ohùn rẹ̀ kì í já gaara. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé, amọ̀ á fà á mu. Kàn-ìn-kàn-ìn àti omi ti tó.

Qulla ni àbúrò rẹ̀, orù kékeré àwọn ará Íjíbítì. Ti ìlú Qena lókìkí. Ó tó ẹni méjì, kò tó agboolé.

Àmọ́ amọ̀ kì í bá ràkúnmí rìn. Arìnrìn-àjò, ẹ wá guerba, àpò táwọn Tuareg, darandaran aṣálẹ̀ Sàhárà, ń lò: awọ ewúrẹ́ tí wọ́n bó lódidi láìla ikùn, tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ pa, tí ọrùn wá di ẹnu àpò. Kì í fọ́, ó sì ṣeé ká. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ máa ń ní òórùn awọ, bó bá sì gbẹ, ó lè sán. Ẹni tí òórùn yẹn bá ń rí lára, kó wá àpò kánfáàsì, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ iwájú mọ́tò ní Ọsirélíà láyé ọjọ́un.

Níbi tí ooru bá ti tó 40 lórí Celsius, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ táútáú, omi zeer lè sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 20 sí 25. Maiduguri yẹ ẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Èkó lásìkò òjò kò yẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mumi yó.

Kò sí èyí tó ń pa kòkòrò àìsàn nínú wọn, nítorí náà ẹ se omi kànga kó tó wọlé. Bí amọ̀kòkò bá lè fi ẹnu ẹ̀rọ sísàlẹ̀ zeer yín, kí ọwọ́ má baà máa wọ inú omi, ẹ fowó kún un fún un.